Àlejò Ló Mú Wa Mọ Ilé

Àwa tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde láàárín 1975 sí 1985, kò sí ẹni tí kò sùn sílẹ̀ rí nínú wa nítorí àlejò. Bí Iléyá bá ti ku ọ̀túnla, màmá á ti pàṣẹ: "Ẹ kó aṣọ yín kúrò ní yàrá, àwọn ará Èkó ń bọ̀." A kì í jiyàn. A ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀, àwa ọmọ mẹ́fà, méje lórí ẹní méjì, àwa ti ilé àti àwọn tó ti Èkó wá, a ó sì máa tàkúrọ̀sọ títí bàbá á fi kígbe mọ́ wa láti inú yàrá.

Fóònù ò sí nílé ọ̀pọ̀ wa nígbà náà. A kì í mọ iye ẹni tó ń bọ̀ títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tàwọn ti búrẹ́dì Èkó lọ́wọ́. Àwa la máa ń pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù kí ilẹ̀ tó mọ́, torí ìtìjú ńlá ni fún ìyá wa bí àlejò bá jí tí kò rí omi wẹ̀. Wọ́n á rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, wọ́n á dín ẹran àgbò títí ọwọ́ àwọn àǹtí wa á fi máa rùn fún epo.

Ọdún Ojúde Ọba ni gbogbo wọn ń bá wá, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, níwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tó fún wọn láyè ṣe ẹ̀sìn wọn, ṣùgbọ́n ilé onígbàgbọ́ náà a máa kún fún àlejò lọ́jọ́ yẹn bí ilé ìmàle.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tiwa ríran. Àwọn ọmọ Èkó yẹn ló ń bi wá ní ohun tí àwa ò bi ara wa rí. Kí ló dé tí àwọn kan ń gun ẹṣin tí bàbá tiwa ò gùn? Kí ló pa àwọn aláṣọ kan náà yẹn pọ̀? A ò mọ̀ ọ́n. A ó sáré tọ ìyá àgbà lọ nídìí ààrò, ibẹ̀ la sì ti gbọ́ pé ọmọ àwọn Balógun ayé ogun ló ń gẹṣin, irú ìdílé Kúkù, àti pé ìbọn tí wọ́n ń yìn, ọba ni wọ́n fi ń kí. Ibẹ̀ la ti gbọ́ nípa rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, Bọ́bagbìmọ̀, Bọ́bakẹ́yẹ, Gbọ́baníyì, pé àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra ló ń ṣe ẹgbẹ́ kan, pé Ọba Síkírù Adétọ̀nà ló jí i dìde padà. Ọba yẹn gorí ìtẹ́ ní 1960, ó sì wàjà ní 2025. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òkè-Ẹ̀rí. Àlejò ló ní òun fẹ́ rí ojú oórì Bìlíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí ìtàn wa ní ó wa Erédò, kí ọ̀pọ̀ wa tó débẹ̀. Erédò, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ wa ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160, tó jìn tó mítà 20 níbòmíràn, a ti bá àgbà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ oko, kòtò lásán la pè é.

Lójú àjọ àgbáye tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́, ẹni tó bá sùn lóru kan péré níbi tí kì í ṣe ibùgbé rẹ̀, arìnrìn-àjò afẹ́ ni, ìbáà jẹ́ ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ló sùn sí. Ìyá wa gba irú wọn sílé fún ọgbọ̀n ọdún láìní ìwé orúkọ àlejò. Gàrí Ìjẹ̀bú tó rà fún wọn lọ sílé nìkan, ó tó láti bọ́ obìnrin kan lọ́jà.

Ní 2020, Kòrónà ò jẹ́ ká ṣe Ojúde Ọba. Ní 2024, àwòrán ọkùnrin kan lórí ẹṣin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, látìgbà náà, ẹní bá fẹ́ yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì ti gbọ́dọ̀ tètè sanwó. Inú wa dùn, ọmọ wa ló ń ríṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí wa náà ti ń sùn síbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, a ò fẹ́ dà yín láàmú." Wọ́n á kí wa, wọ́n á jẹun, wọ́n á bọ́ sọ́kọ̀. Àwọn ọmọ wa ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó ń dùn wá.

Nígbà Iléyá 2025, ọmọ àbúrò mi tó ti London wá yarí pé ẹní lòun fẹ́. Mo wá a jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbọn eruku rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sí pálọ̀ fún òun àti ọmọbìnrin mi. Lóru, mo gbọ́ tó ń béèrè pé ta ló ń sọ àwọn ẹgbẹ́ yẹn lórúkọ. Ọmọ mi dákẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi.