Gìrì àti Gírí

Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí láìfi àmì ohùn sí wọn, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ àìsàn nínú wọn. Èmi náà kò ronú kàn án rí, àfi lóru ọjọ́ tí àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, gan mọ́ ìyá àgbà lọ́wọ́.

Ibà ti ń ṣe é láti àárọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni màmá wa wà. Lójijì, ojú ọmọ yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá àgbà pariwo pé, "Gìrì ni o! Mú ṣíbí wá!" Bí mo ṣe mú un dé, wọ́n wojú mi: "Ọmọ mi, ṣe gírí. Sáré lọ pe Màmá Nọ́ọ̀sì." Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi pe àìsàn, wọ́n wá fi ohùn òkè rán mi níṣẹ́.

Ìsàlẹ̀ àdúgbò ni ilé nọ́ọ̀sì wà, lẹ́yìn afárá. Kò sí iná. Àwọn ajá ibẹ̀, ọ̀sán gan-an ni mo máa ń yà fún wọn. Ní kíláàsì, mo mọ gbogbo orúkọ tí a fi ń yin ẹni tí kò bẹ̀rù: akin, akọni, akíkanjú, aláyà-bíi-kìnnìún. (Máàkì mi nínú Yorùbá kò kéré o.) Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó bá mi dé afárá náà. Ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Àyà mi ń já, mo ń sáré, mo ń sunkún, "ṣe gírí" nìkan ló ń dún létí mi.

Màmá Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé mi tòun ti aṣọ oorun. Gìrì ti dáwọ́ dúró kí a tó dé. Wọ́n gba ṣíbí sọnù: a kì í ki ohunkóhun bọ ọmọ tí gìrì mú lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ ni kí a fi dá a dùbúlẹ̀, kí itọ́ má baà há a lọ́fun. Wọn ò jẹ́ ká dúró di àárọ̀ ká tó lọ sílé ìwòsàn. Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ń já ìwé mi ya.

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá àgbà pé mo sunkún lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ta ló ní kí àyà rẹ má já? Ṣebí ìgboyà la ń pè é. Àyà máa ń gbó ni, bí iṣu. Ṣé ọjọ́ kan niṣu ń gbó?"

Mo bi wọ́n bóyá tiwọn ti gbó.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Bó bá ti gbó, ta ló ń pariwo ṣíbí lóru ọjọ́sí?"