Ta Ló Wà Níbẹ̀ Nígbà Tí Àga Ṣófo?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ń borí, ta ni kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ọmọdé á wọ ẹ̀wù rẹ̀, àgbà á kọrin rẹ̀, ẹni tí kò mọ iye ènìyàn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà á máa ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí kóòṣì to àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, olúkúlùkù á rántí pé òun níṣẹ́ nílé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: kò ní í burú burú kó má ku ẹnìkan mọ́ni, ẹni tí yóò kù ni a kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó kù yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, ibi tí mo sì ti rí i jìnnà díẹ̀. Ìlú Houston ni, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sọ pé kí ló kàn wá nínú bọ́ọ̀lù Texas. Ọmọ Èkó kan gbá a níbẹ̀ rí, Ọlájuwọ́n lorúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ mi kan tó wà ní iléèwé girama ní ọdún 1994 tí kò mọ̀ ọ́n.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n la ọ̀nà díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, eré ìdárayá yunifásítì kì í ṣe eré ọmọ iléèwé lásán. Gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ń kọ́ fún un, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà, owó kóòṣì mìíràn sì ju ti ọ̀gá àgbà yunifásítì lọ. Àwọn yunifásítì a máa kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ láti bá ara wọn figagbága. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ń kó owó fún. Àwọn aláàárín, tí wọn kò kéré ṣùgbọ́n tí wọn kò sí lára àwọn ọlọ́lá, èérún ló ń kàn wọ́n. Owó ẹnu ọ̀nà, owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san, àti ìrànlọ́wọ́ àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ ni irú wọn gbójú lé. Ìdí nìyí tí àga òfo fi ń dùn wọ́n ju bó ṣe ń dun àwọn ńlá lọ.

Yunifásítì Houston ti jẹ nínú ọlá rí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1968, wọ́n bá UCLA, tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù nígbà náà, gbá nínú Astrodome lójú ènìyàn 52,693, wọ́n sì borí, 71 sí 69. Ní ọdún 1980 ni Ọlájuwọ́n dé. Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, kó tó di Hakeem ní 1991. Láti 1982 títí dé 1984, ọdún mẹ́ta gbáko ni Houston fi wà lára àwọn mẹ́rin tó kù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní 1983, ìgbà 26 léra ni wọ́n ti borí kí wọ́n tó pàdé North Carolina State ní àṣekágbá. Àwọn ènìyàn ti gba ife náà tán nínú ọkàn wọn. Bí àkókò ṣe ń tán lọ, ọmọ North Carolina State kan ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kò dé inú apẹ̀rẹ̀. Lorenzo Charles hán an lókè, ó sì rọ́ ọ wọlé. 54 sí 52. Ọlájuwọ́n ni wọ́n yàn pé ó ta yọ jù lọ níbi ìdíje náà, ṣùgbọ́n kí ni adé fẹ́ ṣe fún ẹni tó pàdánù ìlú? Ní 1984 wọ́n tún dé àṣekágbá, Georgetown tún nà wọ́n, 84 sí 75.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wà nínú ìlú náà ní gbogbo àkókò yìí. Láti Ìbàdàn ló ti lọ kàwé níbẹ̀ ní 1981. Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní nígbà tí òun dé, kò sí ẹni tó lè pe orúkọ òun já. Wọ́n á wo ìwé, wọ́n á wojú òun, wọ́n á ní, “Ìwọ yẹn.” Nígbà tó fi máa di 1983, ọmọkùnrin òyìnbó tó ń ta epo mọ́tò ládùúgbò ti ń bi í pé, “Ṣé ìlú kan náà ni ìwọ àti Akeem ti wá?”

Bọ̀ọ̀dá ní, “Àbúrò mi, ọjọ́ yẹn ni mo nàró nílùú yìí. Gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù yẹn ló kọ́ wọn pé àwa náà ní orúkọ. Ṣé gbèsè kọ́ nìyẹn?”

Ẹ fi ọ̀rọ̀ gbèsè yìí sọ́kàn, nítorí òun ló gbé e dúró nígbà tí àwọn yòókù lọ. Ó tún sọ fún mi pé nínú lẹ́tà bàbá mi ni òun ti gbọ́, ní ìparí 1984, pé Shooting Stars tiwa náà ti pàdánù àṣekágbá ife àwọn aborí Áfíríkà sọ́wọ́ Zamalek ti Íjíbítì. Ó ní ọdún yẹn, òun ṣọ̀fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn 1984, Ọlájuwọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù olówó. Guy Lewis, kóòṣì tó wà níbẹ̀ láti 1956, fẹ̀yìn tì ní 1986. Lẹ́yìn náà ni ìjì gidi wá dé. Ẹgbẹ́ ńlá tí Houston wà nínú rẹ̀ tú ká ní 1996. Mẹ́rin nínú àwọn yunifásítì Texas bọ́ sínú ẹgbẹ́ ńlá tuntun tí wọ́n ń pè ní Big 12. Houston kò sí lára wọn. Bí wọ́n ṣe di aláàárín nìyẹn: orúkọ ńlá, àpò kékeré. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tó nira tó kí ènìyàn máa gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn tó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí. Ojú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn ará ìta á ṣì máa fi wò ó.

Ní 1998 wọ́n mú Clyde Drexler, tó gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Ọlájuwọ́n, pé kó wá ṣe kóòṣì. Inú ìlú dùn. Àṣé orúkọ kì í sọ bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀! Láàárín sáà méjì tó lò, ó borí ní ìgbà 19, ó pàdánù ní ìgbà 39, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti 1984 títí di 2018, ọdún 34, Houston kò borí ẹyọ kan nínú ìdíje gbogboogbò tí wọ́n máa ń ṣe ní oṣù Kẹta. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Ọlájuwọ́n lọ ti lè bímọ tiẹ̀ kí ó tó dé.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Bọ̀ọ̀dá ń lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Bó bá jí lọ́sàn-án, á wọ aṣọ pupa rẹ̀, á jáde. Gbọ̀ngàn àtijọ́ yẹn gba bí ènìyàn 10,000 nígbà ayé Ọlájuwọ́n. Bọ̀ọ̀dá ní alẹ́ mìíràn wà tí òun máa ń gbọ́ bí bàtà àwọn ọmọ náà ṣe ń dún lórí pákó, tí ọ̀rọ̀ tí kóòṣì ń sọ sí wọn létí á sì dé ọ̀dọ̀ òun lókè. Ẹni tó bá ń wúkọ́, gbogbo ilé á mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ tún ń lọ bá wọn ṣọ̀fọ̀ ni?” Á rẹ́rìn-ín, á sì fi ọwọ́ gbá àpò rẹ̀ bóyá tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀.

Mo bi í pé, “Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ń wò níbẹ̀ gan-an?”

Ó ní, “Àwọn ọmọ ni mò ń wò. Ọmọ ogún ọdún tó sáré títí tí kò rí ẹni pàtẹ́wọ́ fún un, ṣé kì í ṣe ọmọ ẹnìkan ni?”

Ní 2014 ni Kelvin Sampson dé láti ṣe kóòṣì. Ní sáà àkọ́kọ́, ó borí ní 13, ó pàdánù ní 19. Nígbà tó di 2018, wọ́n ń tún gbọ̀ngàn wọn kọ́ lọ́wọ́, inú gbọ̀ngàn yunifásítì mìíràn ní ìlú náà ni wọ́n ti ń gbá, síbẹ̀ ọdún yẹn gan-an ni wọ́n na San Diego State, 67 sí 65, tí ègún ọdún 34 sì já. Ní ìparí ọdún náà ni gbọ̀ngàn tuntun ṣí. Àga 7,100 péré ló wà níbẹ̀. Ẹ rí ọgbọ́n? Ilé kékeré tó kún sàn ju ààfin tó ń dún wọ́gọ́wọ́gọ́ lọ.

Iṣẹ́ gbé mi dé Houston ní oṣù Kejì ọdún 2019, Bọ̀ọ̀dá sì mú mi lọ. Ẹ̀yin ará, ariwo! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣọ pupa, wọ́n ń fò bí ẹni tí ilẹ̀ ń ta. Houston ń borí tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó jókòó níwájú wa kò ní ìsinmi. Bí ọmọ kan bá ju bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, á gbá orí mú, á ní kí wọ́n yọ ọmọ náà kúrò, pé kò yẹ ní irú ẹgbẹ́ yìí. Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ síwájú, ó rọra bi í pé, “Ọ̀rẹ́ mi, ọdún wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í wá?”

Ó ní, “Ọdún yìí ni.”

Bọ̀ọ̀dá mi orí, ó bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́. Kò sọ nǹkan mìíràn.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, mo ní ọkùnrin yẹn bí mi nínú. Bọ̀ọ̀dá ní kò yẹ kó bí mi nínú. “Àwa tí a jókòó nígbà òfo, a kò pọ̀ tó láti san owó iná. Àwọn tó dé lánàá ló ń san án. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé.”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí sókè sódò láti ìgbà náà. Ìṣòro aláàárín kò tán nígbà tí àga bá kún. Ìrètí èrò ni ẹrù kejì. Ẹ wo Saint Peter's, yunifásítì kékeré kan ní Jersey City. Ní 2022 wọ́n dé àárín àwọn mẹ́jọ tó kù, ohun tí ẹgbẹ́ tí wọ́n tò sí ipò 15 kò ṣe rí. Kí oṣù náà tó parí, Seton Hall ti mú kóòṣì wọn lọ, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì ká ẹrù tiwọn. Florida Atlantic dé àárín àwọn mẹ́rin ní 2023. Ní 2024 kóòṣì wọn gba Michigan lọ. Láti 2021 tí òfin ti gba àwọn ọmọ láàyè láti kúrò níbì kan sí ibòmíràn láìjókòó ọdún kan, tí wọ́n sì lè fi orúkọ wọn gba owó, aláàárín tó bá tọ́ ọmọ dáadáa, ọlọ́lá ló ń tọ́ ọ fún. Alátìlẹ́yìn tó bá retí pé ọdún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ju èyí lọ, ọkàn rẹ̀ ló ń bá jà.

Ṣùgbọ́n àwọn kan mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ní ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, gbọ̀ngàn yunifásítì ibẹ̀ gba ènìyàn tó ju 13,000 lọ. Láti 1967 ni wọ́n ti dé àṣekágbá gbẹ̀yìn, UCLA ló sì nà wọ́n. Síbẹ̀, ọdún dé ọdún, wọ́n wà lára àwọn tí òǹwòran wọn pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ní 2020 tí wọ́n borí ní ìgbà 29 tí wọ́n sì pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mejì péré, àrùn kòrónà dé, wọ́n fagi lé ìdíje náà. Bí ó bá jẹ́ ife nìkan ni wọ́n ń bá wá, wọn ì bá ti jókòó sílé. Ìlú wọn ni wọ́n ń bá wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé ara wọn ní alẹ́ òtútù.

Ní 2023, Big 12 ṣílẹ̀kùn fún Houston. Wọ́n kúrò ní aláàárín. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n tún dé àṣekágbá, ní San Antonio. Wọ́n ti ṣíwájú jìnnà kí Florida tó lé wọn bá, 65 sí 63, bọ́ọ̀lù ìkẹyìn kò tilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn lọ sókè apẹ̀rẹ̀. Mo tẹ Bọ̀ọ̀dá láago lọ́jọ́ kejì. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá òun lọ láti ìgbà gbọ̀ngàn tuntun, kò jẹun alẹ́. Ó ní gbogbo ọdún ti ṣòfò.

“Ìgbà 35 ni wọ́n borí o, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n pàdánù,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Nígbà tí mò ń dá ẹ̀pà mi jẹ láàárín àga òfo, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ mi á sunkún nítorí àṣekágbá, n bá dọ̀bálẹ̀ fún un.”

Mo ní, “Ṣé kò wá dùn yín ni?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ó dùn mí, jàre. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti wò ó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan bá ń dùn, òun ló ṣì wà níbẹ̀.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò ní kí ẹ má retí ohun rere. Ẹni tó bá na owó rẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, níbikíbi tí ẹ bá wà, tí gbogbo ibẹ̀ kún tí ẹ sì rí àgbàlagbà kan tí aṣọ ẹgbẹ́ ti ṣá lọ́rùn rẹ̀, ẹ fún un láàyè kó jókòó dáadáa. Bí àkókò bá wà, ẹ bi í ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.