Pọ́ǹpù Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí; mo ti lò ó nínú àròkọ nílé ẹ̀kọ́, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó dàgbà jù mí lọ ló tó kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀, nílùú Houston, ní Amẹ́ríkà.

Bàbá wa ló ni ọkọ̀ náà. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣe é. Òrùlé rẹ̀ kì í ṣe irin. Aṣọ tó nípọn ni, tí wọ́n tẹ́ sórí egungun irin. Bí a bá tẹ bọ́tìnì kan, yóò ká ara rẹ̀ sẹ́yìn bí agboòrùn. Ìgbà tí Bàbá wá kàwé lókè òkun ni wọ́n rà á, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì rán aṣọ àga rẹ̀. Nígbà tí wọ́n papòdà, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ jogún rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi ṣí òrùlé náà láti fi ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ jáde. Ó ká sẹ́yìn wẹ́rẹ́. Nígbà tí òjò ṣú, ó tẹ bọ́tìnì kí òrùlé padà wá bò wọ́n. Pọ́ǹpù ń kùn, òrùlé kò mì. Ó tẹ̀ ẹ́ títí òjò fi dé. Nígbà tí mo débẹ̀, omi ti rin àga Bàbá gbingbin. N kò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo ní, "Ìwọ lo jó pọ́ǹpù yìí. Bí o ṣe máa ń ba nǹkan jẹ́ nìyí." Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Mo ra pọ́ǹpù tuntun, mo dè é síbẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì. Ó kùn bí ti àkọ́kọ́. Òrùlé kò mì.

Ìgbà náà ni mo tó jókòó ka ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ náà. Kì í ṣe agbára kan náà ló ń gbé òrùlé gbogbo ọkọ̀ àtijọ́. Ti Plymouth ọdún 1939, agbára fífà tí ẹ́ńjìnnì ń ní bó ti ń mí afẹ́fẹ́ sínú ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ti Ford Skyliner tí wọ́n ṣe láti 1957 sí 1959, òrùlé irin ni. Iná nìkan ló ń ká a, kò lo epo rárá. Tiwa ń lo iná àti epo. Iná bátìrì gba inú bọ́tìnì dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù tó wà lẹ́yìn àga ẹ̀yìn. Pọ́ǹpù ń ti epo gba inú rọ́bà lọ sínú sìlíńdà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn sìlíńdà wọ̀nyí ló ń gbé egungun òrùlé.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ló ṣáájú: ṣé pọ́ǹpù ń dún? Bí kò bá dún, ọ̀ràn iná ni. Kí a yẹ bátìrì wò, kí a yẹ fíúùsì, bọ́tìnì àti wáyà wò, pàápàá wáyà tó so pọ́ǹpù mọ́ ara ọkọ̀, nítorí ìpẹtà máa ń dí iná lọ́nà níbẹ̀. Bí ó bá ń dún tí òrùlé kò mì, kí a kọ́kọ́ wo epo, nítorí wíwò kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń gòkè tí ìkejì ń lọ́ra, kí a wo sìlíńdà tàbí egungun ẹ̀gbẹ́ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ìbá ti dá ìdajì àwọn afurasí sílẹ̀. Èmi kò bi í. Ẹni tó ń kígbe ni mo dá lẹ́bi.

Mo yọ àga ẹ̀yìn. Epo jíà pupa ti rin kápẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà kan ti lu, ihò rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹnu súkúrù kan sì kàn án gan-an. Súkúrù náà kì í ṣe ti ọkọ̀. Èmi ni mo dè é lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí mo ń fi sípíkà tuntun sẹ́yìn àga. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òrùlé rọrùn láti ká nítorí pé ìwúwo ara rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Gígòkè ló nílò agbára epo, epo sì ti jò tán.

Mo lè pààrọ̀ rọ́bà náà kí n sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Mo wo fóònù fún ìgbà pípẹ́ kí n tó pe àbúrò mi. Mo ní, "Má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti yọ súkúrù náà?"

Ó wá lọ́jọ́ kejì. A pààrọ̀ rọ́bà, a rọ epo sí ìwọ̀n tí ìwé sọ. Ọwọ́ ni a kọ́kọ́ fi gbé òrùlé náà sókè, èmi lọ́tùn-ún, òun lósì, nítorí pé bí ẹnì kan bá dá a gbé, egungun rẹ̀ lè wọ́. Lẹ́yìn náà a tẹ bọ́tìnì, a ká a, a tún gbé e, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí afẹ́fẹ́ inú epo lè jáde. Ní ìgbẹ̀yìn ó gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì bo àwa méjèèjì.

Pọ́ǹpù àtijọ́ tí mo yọ, kò sí ohun tó ṣe é. Ó wà lórí pẹpẹ nínú gáréèjì mi. Bí mo bá fẹ́ bá ọmọ wí, mo máa ń kọ́kọ́ rántí rẹ̀.