Owó Oúnjẹ

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó wo sọ́fúbọ́ọ̀lù, òtútù ni mo kọ́kọ́ rí, n ò rí eré. Oṣù kẹrin ọdún ni, ní ìlú Ann Arbor. Àwọn ará Michigan ti ń wọ ṣòkòtò péńpé kiri, èmi sì wé ìborùn mọ́rùn bí ẹni tí ibà ń ṣe. Obìnrin àgbà kan níbi iṣẹ́ wa ló mú mi lọ. Ó ní òun rí i pé n kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Òótọ́ ló sọ. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan mì.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó dé, èmi ni mo sì ń yẹ kóòdù rẹ̀ wò kó tó wọlé. Lọ́jọ́ kan tá a ń jẹun ọ̀sán, ó ń ṣàlàyé bí báǹkì ṣe fẹ́ yá a lówó ilé, ló bá dárúkọ iye tó ń gbà lọ́dún. Kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Mo kí i kú oríire, mo lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó síbẹ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Owó rẹ̀ ju tèmi lọ, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti lò níbẹ̀. Òun ò tíì pé méjì.

Mo pe màmá mi ní Abẹ́òkúta. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Rọra o, ọmọ mi. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Físà ẹ ńkọ́?"

Físà mi, ọwọ́ ilé iṣẹ́ yẹn ló wà. Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, ilé ni mò ń lọ. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà," mo sì panu mọ́.

Bí ẹ bá ti gbá rounders rí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ìdajì sọ́fúbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á fi igi gbá a, á wá sáré yípo. Àmọ́ láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ju tiwọn. Apá á yí bìrí, bọ́ọ̀lù á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 43 péré ló sì wà láàárín ẹni tó ń jù ú àti ibi tí ẹni tó fẹ́ gbá a dúró sí. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá.

Mo rí orúkọ kan lára pápá náà: Carol Hutchins. Mo béèrè pé olówó wo nìyẹn, torí olówó ni wọ́n sábà máa ń fi orúkọ rẹ̀ sára ilé níbí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kóòṣì ni. Lọ kà nípa ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó wà nílé ìwé."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, aago méjì òru lù, mo ṣì ń kà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, akẹ́kọ̀ọ́ ni Hutchins ní Michigan State. Ó wà nínú ẹgbẹ́ sọ́fúbọ́ọ̀lù tó gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní 1976, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Òfin Title IX ti wà nílẹ̀ láti 1972. Ó ní ilé ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ti pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin rẹ́ ẹ jẹ. Òfin wà nínú ìwé o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rìnrìn àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó oúnjẹ àwọn ọkùnrin ju ti àwọn obìnrin lọ, yàrá tí wọ́n ń sùn sí náà sì tún rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Hutchins àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ilé ìwé wọn lọ sílé ẹjọ́. Orúkọ tiẹ̀ ló ṣáájú nínú ìwé ẹjọ́ náà. Ní 1979, adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n dá ìyàtọ̀ yẹn dúró.

Owó oúnjẹ! Mo tún un kà. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Èmi ti máa ń rò pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ẹni ńlá kó tó lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ọmọ ilé ìwé lòun, kò sì dúró de ìgbà yẹn. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ. Òun fi ẹnu tiẹ̀ béèrè èyí tó yẹ kóun jẹ.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé kò torí ẹ̀ kúrò nídìí eré. Ó ṣe kóòṣì ní Ferris State fún sáà kan ní 1982. Ní 1983, ó dé Michigan gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Ní 1985, wọ́n fi í ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ rántí pé ìlú oníyìnyín ni. Tí sáà bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, wọ́n ní láti wọkọ̀ òfurufú lọ síbi tí oòrùn wà kí wọ́n tó lè gbá bọ́ọ̀lù níta. Ìgbà méje ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìdíje àṣekágbá, tí wọ́n padà wálé láìgba ife. Ìkẹjọ, ní 2005, wọ́n bá UCLA wọ ìpele kẹwàá, bẹ́ẹ̀ méje ló máa ń jẹ́. Samantha Findlay, tó jẹ́ ọmọ ọdún kìíní, gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá ògiri, èèyàn mẹ́ta wọlé: 4-1. Kò sí ilé ìwé kankan ní ìlà oòrùn odò Mississippi tó tíì gba ife NCAA yẹn rí.

Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, sáà 38 ló ti lò gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Michigan. Àpapọ̀ ìdíje tó ti borí jẹ́ 1,707. Kò sí kóòṣì sọ́fúbọ́ọ̀lù NCAA kankan, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó ní tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Bonnie Tholl, tó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ tó sì tún ṣe igbákejì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló bọ́ sípò náà.

Àwọn èèyàn máa ń dárúkọ 1,707 yẹn. Èmi, owó oúnjẹ ni mò ń rò.

Nínú iṣẹ́ tiwa, àṣìṣe tẹ́nikẹ́ni ò bá kọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ lẹ́tà mi: ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. N ò bú ẹnikẹ́ni, n ò sì dárúkọ ọmọkùnrin yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi kí n tó fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo fi í ránṣẹ́, n ò lè jẹun alẹ́.

Ó gbà wọ́n lóṣù méjì. Wọ́n fi kún owó mi, kò tó ti ọmọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Ti ọdún mẹ́fà tó ti lọ, wọ́n ní ìyẹn ti lọ. Ọ̀gá mi kì í bá mi ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀. Físà mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, mo ṣì ń bẹ̀rù. Màmá mi ní, "Ó dáa náà, wọn ò lé ẹ." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Lóṣù tó kọjá, wọ́n gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ ọ. Bá a ṣe ń jẹun ọ̀sán, ó wò yíká, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí pé ṣé iye tí wọ́n fún òun dáa.

Mo sọ iye tí mò ń gbà fún un.