Kóńgò Kan Náà fún Gbogbo Wa

Ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ni mo fẹ́ fi tó yín létí.

Ìyàwó mi a máa wọn ìrẹsì tà ní kóńgò kóńgò ní ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ìlọrin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá iṣẹ́ fàyàwọ́ dúró, kí àgbẹ̀ wa lè rí irè oko wọn tà. Èrò náà dára, n kò sì lòdì sí i. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìrẹsì fi di ọ̀wọ́n gógó. Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan tó ti jẹ́ oníbàárà wa láti ọjọ́ pípẹ́ wo ìyàwó mi lójú, ó ní: “Ìyàwó wa, ṣé ìwọ náà ti ń rẹ́ wa jẹ ni?” Ìyàwó mi kò fèsì. Ó da kóńgò rẹ̀ dojú bolẹ̀, kí ìyá lè rí i pé a kò lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ìyá rí i, ó sì rà, ṣùgbọ́n kò padà wá mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rò ó. Ní oṣù keje ọdún 2019 yẹn kan náà ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ní ìlú Niamey pé kí ọjà máa lọ, kó máa bọ̀ láìsí ìdíwọ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Kò tó oṣù méjì tí a fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Kétu, ọmọ Oòduà bíi tiwa. Nígbà tó di 2020, kí a tó ṣí ọ̀nà fún gbogbo ayé, ìròyìn gbòde pé a ti yọ̀ǹda fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá díẹ̀ láti kó ẹrù kọjá. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀. Ìdí-Ìrókò dúró títí di 2022.

Ọ̀wọ́n ọjà nìkan kọ́ ló ń dun ará ìlú. Bí olówó àti tálákà bá jọ ru ẹrù kan náà, a máa ń fara dà á. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbẹ́kẹ̀lé ará ìlú rí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa bi àwọn aṣojú wa léèrè: ta ni ẹ yọ̀ǹda fún, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ṣùgbọ́n kí a tó béèrè, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù kọ́kọ́ da kóńgò tirẹ̀ dojú bolẹ̀.