Ọmọọṣẹ́ pa fáìlì rẹ́, ìwé ìsìnkú di àwátì!

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá dé Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dákẹ́, ṣọ́ọ̀bù ìyá kan wà níbẹ̀ tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, fíláàṣì ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Fíláàṣì yìí kan náà ló ń kó fáírọ́ọ̀sì wọlé. Ó sú ìyá. Ó ní kí wọ́n so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ọkùnrin tó wá ṣe é kò pẹ́ rárá. Ó fa wáyà láti ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ sínú àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní switch. Ó wá ṣí fódà kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ìyá, kí àwọn méjì tó kù lè máa mú iṣẹ́ níbẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ kan, ṣíbí mẹ́ta! Inú gbogbo wọn dùn. Àṣé ọkùnrin náà ti gba gbogbo èèyàn láàyè láti kà á, láti yí i padà, àti láti pa á rẹ́.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ìwé ìsìnkú olójú ewé 24 wà nílẹ̀. Ẹbí fẹ́ gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọọṣẹ́ kan rí fódà náà lójú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó rò pé ẹ̀dà lásán ló wà lọ́dọ̀ òun. Ó ní kóun gbálẹ̀ díẹ̀. Ló bá tẹ delete. Wọ́n sáré wo Recycle Bin, òfo! Ohun téèyàn bá pa rẹ́ láti orí ẹ̀rọ mìíràn báyìí kì í sábà gba ibẹ̀ kọjá.

"Yéè, mo gbé!" ni ìyá ké.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé fótòkọ́pì ni."

"Dìde," ni ìyá wí. "Tó o bá sùn síbẹ̀ di àárọ̀, ìwé ò ní tẹ ara rẹ̀."

Fọ́tò ṣì wà lórí WhatsApp ẹbí. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹbí ti jókòó fún wákàtí méjì kí ìwé tó jáde. Ìyá ò jẹ èrè kankan lórí iṣẹ́ náà.

Kì í ṣe Ṣómólú nìkan lọ̀rọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ní May 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ojú ihò tó wà nínú ètò tí Windows fi ń pín fáìlì wọlé. Ó dé orílẹ̀-èdè tó ju 150 lọ, ó sì da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba rú nílùú Ọba. Bẹ́ẹ̀, Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti March. Àwọn tí kò fi sórí ẹ̀rọ wọn ni ìyà jẹ jù.

Lónìí, kíkà nìkan ni àwọn ọmọọṣẹ́ lè ka iṣẹ́ tó bá ti parí. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá a da gbogbo rẹ̀ kọ sórí hard disk kan, a yọ ọ́, a sì gbé e relé nínú báàgì. Ọmọọṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Òun gan-an ló ń rán ìyá létí.

Ẹ̀yin náà tó fẹ́ so ẹ̀rọ pọ̀, ẹ bi oníṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó sanwó: ta ló lè kà á, ta ló sì lè pa á rẹ́? Ilé tá ò tì, olè nìkan kọ́ ló ń ba nǹkan ibẹ̀ jẹ́.