Owó Tí Kò Lè Ra Nǹkan Kan

Owó tí kò lè ra nǹkan kan ni mo ń kó jọ. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Àbúrò bàbá mi, tó máa ń ṣòwò lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ló fún mi ní èyí àkọ́kọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 13. Ní báyìí, mo ti ní 21. Inú ìwé fọ́tò kan ni mo tò wọ́n sí, oníkálukú nínú ọ̀rá tirẹ̀.

Zimbabwe ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Lẹ́yìn ọdún 2000, ìkórè oko já wálẹ̀ gan-an níbẹ̀, owó tó ń wọlé fún ìjọba kò sì tó ná mọ́. Báńkì àpapọ̀ wọn wá ń tẹ owó láti fi dí àlàfo náà. Owó ń pọ̀, ọjà kò pọ̀ sí i, nítorí náà gbogbo nǹkan gbówó lórí. Bí ó ṣe ń gbówó lórí ni báńkì ń tẹ owó tí iye rẹ̀ ju ti àná lọ. Ní ọdún 2006, wọ́n gé òdo 3 kúrò lára owó. Ní ọdún 2008, wọ́n gé 10. Ní oṣù kejì ọdún 2009, wọ́n tún gé 12. Òdo 25 ló lọ láàárín ọdún mẹ́ta!

Méjì wà tí mo máa ń wò jù. Èkíní ni 100 tírílíọ̀nù dọ́là, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2009. Àwòrán àpáta tó gun orí ara wọn wà níwájú rẹ̀. Omi Victoria Falls àti ẹfọ̀n wà lẹ́yìn. Èkejì ni 50 bílíọ̀nù ti ọdún 2008. Wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò kú sí i lára, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ sára oògùn: ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 2008.

Lọ́jọ́ kan, mo fi 100 tírílíọ̀nù náà han ìyá àgbà mi, tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn.

"Ṣé olè ló jí i lọ́wọ́ àwọn tó ni ín ni?"

"Rárá o, Màmá. Ọwọ́ wọn ló wà. Agbára rẹ̀ ló tán."

"Ẹni tó ti ń tọ́jú tirẹ̀ láti ìgbà èwe wá ńkọ́?"

Mo sọ fún wọn pé nígbà tí ìjọba Zimbabwe pa owó náà rẹ́ ní ọdún 2015, ẹni tí owó rẹ̀ ní báńkì kò bá ju 175,000,000,000,000,000 lọ, dọ́là Amẹ́ríkà 5 péré ni ó gbà. Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bó bá ṣe igúnnugún, yóò wokoko lórí ẹyin. Má fi ṣeré, ọmọ mi."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹyọ 100 tírílíọ̀nù kan ṣoṣo yóò san ju dọ́là 5 yẹn lọ fíìfíì, kì í sì í ṣe àwọn tó pàdánù ni èrè náà ń bọ́ sí lọ́wọ́. Mo bi ara mi léèrè bóyá ó yẹ kí n máa fi àdánù ẹlòmíràn ṣe fàájì.

N kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sí ẹ̀gbẹ́ owó kọ̀ọ̀kan. Jámánì, ọdún 1923: ìkánjú mú kí wọ́n tẹ ojú kan ṣoṣo lára ọ̀pọ̀ owó, nígbẹ̀yìn, tírílíọ̀nù kan owó àtijọ́ di ẹyọ kan owó tuntun. Húngárì, oṣù keje ọdún 1946: kí ilẹ̀ tó mọ́, iye ọjà ti di ìlọ́po méjì. Ó kan àwa náà. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò Yúróòpù kó owó ẹyọ Zanzibar wá sí Èkó lọ́pọ̀ yanturu, títí ọ̀kẹ́ kan, tó jẹ́ 20,000 ẹyọ, fi di yẹpẹrẹ.

Níbi gbogbo wọ̀nyí, àgbẹ̀ roko, olùkọ́ kọ́ọmọ, oníṣòwò jí lọ sọ́jà. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ayédèrú. Ìlérí tí wọ́n fi san owó iṣẹ́ náà ni kò dúró.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi owó mi han òun, n kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí 100 tírílíọ̀nù mọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo máa ń ṣí, níbi tí dọ́là 2 ti Zimbabwe wà. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní ọdún 1980, dọ́là wọn kan níye lórí ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Láti ibẹ̀ ni a ó ti máa ṣí i lọ díẹ̀díẹ̀, tí òdo yóò máa pọ̀ sí i. Tí a bá fi máa dé ìparí, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè Màmá.